Morẹ́nikẹ́, Ya Ọ̀rá Ara Bọ́ọ̀dù Yẹn

Ṣọ́ọ̀bù mi, Ailegun,
Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Morẹ́nikẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi àtàtà,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé iná wà ní Ire-Akárí? Tiwa ń wá, ó ń lọ. Ara mi le, kò sí ohun tó ń ṣe mí àfi ayọ̀. Láàárọ̀ yìí, mo ń gé búláòsì oníbàárà kan, mo gé apá ọ̀tún, mo sì tún gé apá ọ̀tún. Èmi tí mo ti ń gé aṣọ kí wọ́n tó bí ọ! Tóyìn, ọmọ iṣẹ́ mi, ló rí i tó ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre, pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá di olùkọ́ ní yunifásítì lè gé apá ọ̀tún mẹ́ta tó bá wù ú.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí màmá ò kàn pe fóònù. Mo pè ọ́ lánàá, o ní o wà nípàdé. Mo gba ohùn mi sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́, odindi ìṣẹ́jú mẹ́fà. O fi àwòrán àtàǹpàkò kan ṣoṣo dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi kọjá àtàǹpàkò, ìyẹn ni mo ṣe ra ìwé, tí mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, tí mo sì jókòó kọ ọ́. Tóyìn ló máa gbé e wá bá ọ, torí ó ń lọ fún oníbàárà kan láṣọ lọ́nà ọ̀dọ̀ yín. Má tíì tú ọ̀rá dúdú tó bá a wá o. Kà á tán ná.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o wá, o ní kí n jókòó, kí n ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́, pé o fẹ́ dán kíláàsì rẹ àkọ́kọ́ wò lójú mi. O gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì ìgéṣọ mi. Sìláìdì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! O kọjú sí láptọ́ọ̀pù náà, o sì ń kà á jáde bí ẹni tó ń ka ìwé ìpè ilé ẹjọ́. Nígbà tí o fi máa dé ìkọkànlá, mo ti sùn. O rò pé ó rẹ̀ mí ni, o tilẹ̀ fi aṣọ bò mí. Kò rẹ̀ mí rárá, ọmọ mi. Ìwọ lo jẹ́ kí oorun kùn mí.

Ìgbà tí mo jí lo wá sọ ohun tó lé oorun náà lọ pátápátá. O ní ọ̀gá ẹ̀ka yín fún ọ títí di ọjọ́ Ẹtì yìí kí o yan ibi tí o ti máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní Jọ́gíráfì. Gbọ̀ngàn ńlá kan wà tí wọ́n kan àga rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó gba gbogbo ọgọ́jọ wọn lẹ́ẹ̀kan. Yàrá tuntun kan náà wà tí kò gbà ju ọgọ́rin lọ, àmọ́ tábìlì rẹ̀ ní táyà lẹ́sẹ̀, àga rẹ̀ ṣeé gbé kiri, bọ́ọ̀dù ńlá kan sì wà lára ògiri tó ń tàn bíi tẹlifíṣọ̀n, téèyàn lè fi ìka kọ nǹkan sí. O ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé bọ́ọ̀dù yẹn dé, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ṣì wà lára rẹ̀, kò sí olùkọ́ kankan tó tíì lò ó. Mo bi ọ́ pé èwo lo máa mú. O ní gbọ̀ngàn. O ní, “Màámi, tí nǹkan yẹn bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi ni wọ́n máa bi.” O tún ní tí o bá mú yàrá kékeré, o máa ní láti pín wọn sí méjì, kí o kọ́ wọn ní ẹ̀ẹ̀mejì. O sì ní o máa gbé apẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, kí kálukú ju fóònù rẹ̀ síbẹ̀ kó tó wọlé.

Mo kàn bu ọbẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n inú mi ò rọlẹ̀ láti ìgbà náà, torí gbogbo ohun tí o fẹ́ ṣe yẹn ni èmi náà ti ṣe rí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, mo sì fi ba ọ̀nà ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. O mọ ọmọ náà. Kúdíràtì ni.

Kúdí, ọmọ iṣẹ́ mi ìgbà náà, tó máa ń pè ọ́ ní Rẹ́ní, tó máa ń fà ọ́ lọ́wọ́ lọ síléèwé nígbà tí o wà ní pírámárì, tó máa ń fi àjákù aṣọ rán búbá fún bèbí rẹ. Nígbà tí o bi mí pé níbo ló lọ, mo ní kò mọ iṣẹ́ ló ṣe lọ. Irọ́ ni mo pa fún ọ, ogún ọdún sì ni mo fi jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, màá sọ ọ́ bó ṣe rí, màá sì máa yọ ìmọ̀ràn inú rẹ̀ fún ọ bí mo ṣe ń lọ. Fara balẹ̀ gbọ́.

Èkíní: má ṣe kẹ̀yìn sí wọn.

Nígbà tí mo ti Ìwó wá kọ́ṣẹ́ ní Òṣòdì, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ò jìnnà sí ojú irin. Ọ̀gá mi mọ iṣẹ́, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ gé aṣọ báyìí, á kọjú sí ògiri, á fi ara bo tábìlì. Ohun tí àwọn ọ̀gá ìgbà náà gbà gbọ́ ni pé ọmọ iṣẹ́ tó bá tètè mọ aṣọ gé máa sá lọ dá dúró, á sì kó oníbàárà ọ̀gá lọ. Torí náà, ojú lo máa fi jí i. Màá mú ìgbálẹ̀, màá ṣe bí ẹni ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá sì na ọrùn kí n lè rí bó ṣe ń yí ọrùn aṣọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi na ọrùn. Mo búra pé tí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mi ò ní fara bo iṣẹ́ fún ọmọ kankan.

Mo dé Ailegun, mo gba ṣọ́ọ̀bù, mo sì gbé tábìlì ìgéṣọ ti ògiri. Kì í ṣe ìkà o. Ibẹ̀ ni fèrèsé wà, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Mo to àwọn ọmọ iṣẹ́ sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe ń gé ni mò ń sọ̀rọ̀: ẹ wọn àyà, ẹ fi ínǹṣì méjì lé e, ẹ ṣẹ́ ẹ síbí, ẹ gé e lọ síbẹ̀ yẹn. Wọ́n á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Inú mi á dùn pé mò ń kọ́ wọn. Ògiri ni mò ń kọ́.

Àbẹ̀kẹ́, nǹkan tí o ṣe lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù lò ń kọ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n kan àga mọ́lẹ̀ yẹn, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn pátápátá, irun ẹni iwájú rẹ̀ ló máa mọ̀ dunjú nígbà tó bá jáde. Ṣùgbọ́n yàrá tí tábìlì rẹ̀ ń yí! Ká sọ pé èmi ni wọ́n fún nírú ẹ̀! Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń rí i lójú ara mi: àwọn ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà yí tábìlì ká, wọ́n kọjú síra wọn, ìwọ ń rìn láàárín wọn, ò ń bẹ̀rẹ̀ wo ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Kò sí ẹ̀yìn nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Dín sìláìdì yẹn kù sí mẹ́wàá, kí o sì fi àkókò tó kù rìn kiri àárín wọn.

Èkejì ni ti ọ̀rá.

Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, mo ra máṣíìnì oníná, tuntun nínú páálí. Ìwọ gan-an jó yí i ká. Mi ò ya ọ̀rá ara rẹ̀. Mo tún gbé àǹkárá lé orí ọ̀rá. O ṣáà mọ̀ wá: àga pálọ̀, ọ̀rá, rìmóòtù, ọ̀rá, a ò fẹ́ kí nǹkan gbó. Mo kìlọ̀ fáwọn ọmọ iṣẹ́ pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á rí pupa ojú mi. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò. Èmi nìkan ni mo máa ń lo oníná, nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Tí oníbàárà bá wọlé, màá ṣí àǹkárá náà díẹ̀ kó lè mọ̀ pé mo ní in.

Kúdí parí ọdún mẹ́ta rẹ̀, ó tó àkókò fírídọ́ọ̀mù. Àṣà ẹgbẹ́ wa ni pé lọ́jọ́ náà, kí ọ̀gá tó gbàdúrà fún ọmọ, kó sì fi sísọ́ọ̀sì tuntun lé e lọ́wọ́, alága ẹgbẹ́ máa fún un láṣọ kó gé e, kó sì rán an lójú gbogbo èèyàn. Mo ti ra sísọ́ọ̀sì tèmi sílẹ̀. Ìyá Kúdí ti Ìwó wá, ó jókòó níwájú. Alága nawọ́ sí máṣíìnì oníná mi, ó ní èyí ni kó fi rán an, pé ayé ti lajú. Ọmọ yẹn ò fẹsẹ̀ kàn án rí. Ǹ bá ti sọ pé, “Alága, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì kọ́ ọ ní èyí.” Ojú tì mí láti sọ ọ́.

Kúdí tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ó fẹ́ gé ọrùn aṣọ, ó gé e gba ojú ibi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ, búláòsì là sí méjì. Wọ́n fún un ní òmíràn, ó dé ìdí máṣíìnì, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń tẹ ẹlẹ́sẹ̀, máṣíìnì náà sì já aṣọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fi ìborùn bojú. Alága yíjú sí mi, ó ní kí ló dé. Ohun tí mo sọ nìyí, mo sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: “Orí ọmọ yìí ló kú. Mo kọ́ ọ títí.”

Kúdí gbé báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ. Kò gba sísọ́ọ̀sì. Kò rán aṣọ mọ́.

Ṣé o wá rí ìdí tí àyà mi fi já nígbà tí o ní “tí nǹkan yẹn bá bàjẹ́”? Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ló jáde látẹnu rẹ. Irinṣẹ́ tí a ò jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn, iwájú èèyàn ló ti máa dójú tì í. Jẹ́ kí bọ́ọ̀dù yẹn gbó, jàre. Jẹ́ kí wọ́n fi ìka ọlọ́bẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a ó nù ún. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Lọ bá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, kí i dáadáa, ní kó fi bí wọ́n ṣe ń tàn án hàn ọ́. Tó bá ní kí o kọ̀wé, kọ̀wé. Lẹ́yìn náà, ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ fún odindi ọ̀sán kan, kí o fọwọ́ tẹ gbogbo ibi tó ṣeé tẹ̀ lára rẹ̀, kí o ti ṣe àṣìṣe tìrẹ tán kí àwọn ọmọ tó dé.

Ẹ̀kẹta, apẹ̀rẹ̀ fóònù. Lọ fi kó ata.

Nígbà tí Tóyìn dé ọ̀dọ̀ mi, gbogbo ìgbà tí mo bá ń gé aṣọ ló máa ń gbé fóònù sókè. Inú bí mi. Mo rò pé ó ń ya sítáì mi fún aránṣọ òdìkejì. Mo gba fóònù náà, mo jù ú sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo tì í pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ yẹn bẹ̀ mí títí. Nígbà tó rí i pé mi ò gbọ́, ó ní kí n ṣáà wo ohun tó wà nínú rẹ̀ ná. Mo ní kó ṣí i.

Fídíò ni, ọ̀kan lé ọ̀kan, ó ti kọ orúkọ aṣọ sí ìkọ̀ọ̀kan: búláòsì, súkẹ́ẹ̀tì, búbá. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni. Gèlè mi, èjìká mi, ìgbọ̀nwọ́ mi tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé ẹ ṣẹ́ ẹ síbí, mo wo fídíò náà títí, mi ò rí ibi kankan tó ń jẹ́ “ibí”. Mo bi Tóyìn pé kí ló wá ń rí kọ́ nínú èyí. Ó ní tó bá délé, ó máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó ní, “Ìgbọ̀nwọ́ yín ni mo fi ń mọ̀ ọ́n, mà.”

Mo jókòó sílẹ̀. Kúdí ni mo rántí. Ọdún mẹ́ta ló fi wo ìgbọ̀nwọ́ mi, kò sì ní fóònù tó lè fi tún un wò. Mo sunkún níwájú ọmọ iṣẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́, ojú ò tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé tábìlì sáàárín ṣọ́ọ̀bù, bí o ṣe ń rí i yìí. Ìwọ rò pé torí atẹ́gùn ni. Tóyìn so fóònù mọ́ igi òkè, ó dojú rẹ̀ kọ ọwọ́ mi. Báyìí, ọmọ iṣẹ́ tuntun á ti wo bí mo ṣe ń gé ọrùn kó tó kúrò nílé, ibi tí kò bá yé e, á dá a padà. Kì í rẹ fóònù, kì í sì í bú èèyàn bíi tèmi. Tí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù, sísọ́ọ̀sì la máa gbé lé wọn lọ́wọ́, àṣìṣe wọn la ó máa tún ṣe. Ìwọ náà, gba àlàyé rẹ sílẹ̀ ní kékeré-kékeré, èyí tí kò ní jẹ dátà wọn tán, fi ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú. Kí wọ́n gbọ́ ọ nílé. Tí wọ́n bá dé yàrá, kí wọ́n ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ sì wà, ọmọ mi! Jọ́gíráfì lò ń kọ́, Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ yìí sì ni ìwé rẹ. Ṣé o rántí pé àwòrán ọ̀nà inú fóònù gbé ṣọ́ọ̀bù mi sójú kánáàlì? Oníbàárà kan dúró sétí omi, ó ń pè mí pé òun ti dé, òun ò rí mi. Tóyìn ló tún un ṣe. Rán àwọn ọmọ yẹn jáde! Ní kí kálukú fi fóònù rẹ̀ wá ibi tí àwòrán ọ̀nà ti ń parọ́ ládùúgbò rẹ̀, ibi tí omi máa ń dúró sí lẹ́yìn òjò, ọ̀nà àbùjá tí èèyàn ń gbà ní Òṣòdì tí kò sí lójú ìwé kankan. Kí wọ́n yà á, kí wọ́n gbé e wá sórí bọ́ọ̀dù ńlá yẹn, kí tábìlì kan máa bá èkejì jiyàn lórí rẹ̀. Tí mo bá kéré díẹ̀ sí i ni, màá wá jókòó síbẹ̀. Kódà, mo lè wá.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Àwọn kéékèèké ló kù.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní fóònù tó dára. Má sọ pé kí ẹni tí kò ní dìde, wàá dójú tì í. Fi wọ́n ṣe méjì-méjì sídìí fóònù kan látìbẹ̀rẹ̀, kó dà bíi pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Iná máa lọ. Mo ti sọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, iná lọ, fóònù Tóyìn kú, gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ káwọ́ gbera bí ẹni tí ọ̀gá wọn kú. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ya apá aṣọ sórí símẹ́ńtì, a kúnlẹ̀ yí i ká. Wọ́n ò gbàgbé apá yẹn títí dòní. Torí náà, má jáde nílé láìmú ṣọ́ọ̀kì.

Ohun tí o ò bá mọ̀, sọ pé o ò mọ̀. Ọmọ kan máa wà níbẹ̀ tó mọ bọ́ọ̀dù yẹn lò jù ọ́ lọ. Má bínú sí i, pè é síwájú. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ká ní mo sọ pé mi ò tíì kọ́ ọmọ lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá má dà báyìí.

Ti kíkọ́ ẹ̀ẹ̀mejì tó ń dẹ́rù bà ọ́ yẹn ńkọ́? Pín wọn. Ẹ̀ẹ̀kejì ló máa ń dùn jù, bi aránṣọ èyíkéyìí.

Ó wá ku ohun tí mi ò lè sọ lójú rẹ lọ́jọ́ Àìkú, torí mi ò lè sọ ọ́ kí n má sọ ìyókù.

Lẹ́yìn fídíò Tóyìn, mo wá Kúdí lọ sí Òṣòdì. Wọ́n ti sọ fún mi tipẹ́ pé òwú, bọ́tìnì àti síìpù ló ń tà níbẹ̀, ìyẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n ra òwú ní Òṣòdì. Mo dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé èèyàn ń wò wá. Mo ní kí wọ́n máa wò. Bí mo ṣe pa irọ́ yẹn sókè, mo sọ òótọ́ sókè, pé kì í ṣe orí rẹ̀ ló kú, èmi ni mi ò kọ́ ọ. Ó wá gbé àpótí fún mi kí n jókòó. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ra òwú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra síìpù, mo sì sọ fún un pé o ti di olùkọ́ ní yunifásítì. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó bi mí pé yunifásítì wo, mo sọ ọ́. Ẹ̀rín náà dúró. Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde látinú ṣọ́ọ̀bù, Àmínátù lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á wọlé síbẹ̀ ni. Jọ́gíráfì. Ọdún kìíní.

Morẹ́nikẹ́, ọ̀kan nínú ọgọ́jọ yẹn ni ọmọ Kúdí. Ọmọ náà ò lọ́rọ̀ lẹ́nu, irú àwọn tó máa lọ jókòó sẹ́yìn ni, ojú fóònù rẹ̀ sì ti fọ́ yánnayànna. Mo sọ fún Kúdí pé màá ní kí o máa mójú tó o. Ó mi orí. Ó ní, “Ẹ má jẹ́ kó ṣojúsàájú fún un, mà. Ẹ ṣáà sọ fún Rẹ́ní kó má kẹ̀yìn sí i.”

Mo mú sísọ́ọ̀sì fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ fún un lọ́jọ́ kejì, èyí tí mo ti tọ́jú láti ogún ọdún. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá tó bá a wá. Kúdí fi eyín ya ọ̀rá náà, ó ki ìka bọ inú rẹ̀, ó ṣí i, ó pa á dé, ó gé òwú kan wò. Ó wá ní òun ò rán aṣọ mọ́, pé kí n lọ fún ọmọ tí òun máa ń fà lọ́wọ́ lọ síléèwé.

Tú ọ̀rá dúdú yẹn báyìí. Ṣọ́ọ̀kì méjì wà níbẹ̀, sísọ́ọ̀sì Kúdí sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, tí o bá ti sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka yín pé yàrá kékeré lo mú, gba kọ́kọ́rọ́, wọlé, kí o fi sísọ́ọ̀sì yẹn ya ọ̀rá ara bọ́ọ̀dù náà látòkè délẹ̀. Ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá mú un lọ fi han ẹnì kan ní Òṣòdì. Má ṣe fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn o.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹnu rẹ tòrò níwájú wọn, kí ohun tí o bá kọ́ wọn sì bá wọn délé.

Èmi ni màmá rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn, tó sì fẹ́ dìde báyìí lọ gé apá òsì.